Ohun Tí Olùgbọ́ Gbọ́ ní Ṣọ́ọ̀bù Màmá Ṣíjúadé

"Wọ́n ní Màmá Ṣíjúadé ti…"

"Ti kí ni?"

"Èmi ò sọ nǹkan kan o. Wọ́n kàn ní nígbà tí ọkùnrin yẹn ń jáde, àpò rẹ̀…"

"Ó wúwo?"

"Ju bó ṣe gbé e wọlé lọ. Ẹni tó rí i lójú fèrèsé ló…"

"Ta ló rí i?"

"Ṣé mo mọ̀ ni? Wọ́n ní ọ̀kẹ́ méjìlá ló fẹ́ máa san fún un lóṣù."

"Méjìlá, nígbà tí pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní mẹ́wàá? Háà. Ìyá yẹn ti…"

Ìyá Múfú, tó ń ròyìn náà, gbé ojú sókè, ó rí gèlè funfun Olùgbọ́ lórí Àyọ̀ká, ó sì pa ẹnu dé.

Gbogbo ìlà tó wà níwájú ilé ìgbaná dákẹ́. Wọ́n tó ogún èèyàn, olúkúlùkù gbé bátìrì ilé rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀, ọyẹ́ ti sọ ètè gbogbo wọn di funfun. Àyọ̀ká kúnlẹ̀ díẹ̀ kí àwọn àgbà, ó sì lọ tò sẹ́yìn. Òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti bi Olùgbọ́ léèrè ohun tó gbọ́. Àmọ́ kò sí òfin tó ní kí wọ́n má wò ó.

"Ẹ fara balẹ̀ o, etí ti dé," ni Bọ̀dá Gàníyù wí, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ẹ̀rọ. "Àyọ̀ká, n kò bi ọ́ léèrè nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá o sùn dáadáa."

"Mo sùn dáadáa, sà."

"Ṣé oorun ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ni, àbí ti méjìlá?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àyọ̀ká wo ilẹ̀. Láti kékeré ni ojú ti máa ń tì í láàárín èèyàn. Gèlè funfun náà kò mú ìtìjú kúrò lára rẹ̀, ó kàn fún un níbi tó lè sá pamọ́ sí ni. Nígbà tí ó kàn án, ó na ọwọ́ òsì síwájú ẹ̀rọ. Ẹ̀gbà tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ tàn bí ewé tútù, ohùn tínínrín kan sì ti inú rẹ̀ jáde fún gbogbo èèyàn láti gbọ́: "Olùgbọ́. Ìsàlẹ̀, ọ̀kẹ́ mẹ́ta. Òkè, ọ̀kẹ́ mẹ́jọ." Ẹ̀rọ náà fún bátìrì rẹ̀ ní iná tó tọ́ sí ẹni tó ní irú gbèdéke owó iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò fi ìṣẹ́jú kan lé e.

Ọkùnrin tó tẹ̀ lé e na ọwọ́ tirẹ̀. Ẹ̀gbà rẹ̀ kò tàn. Ó yí i, ó fi etí agbádá nù ún, ó tún nà án. Kò sí ohùn.

Bàbá Ìbejì ni. Òun ló lọ wá iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù Màmá Ṣíjúadé ní ìjẹta. Èèyàn mẹ́ta péré ló wà nínú yàrá náà lọ́jọ́ yẹn: òun, Màmá fúnra rẹ̀, àti Àyọ̀ká tó jókòó sí igun pẹ̀lú okùn lábẹ́ ìró rẹ̀.

"Ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́," ni Bàbá Ìbejì wí. "Ẹ̀gbà mi tàn lánàá."

"Bóyá ọyẹ́ ni," ni ẹnìkan dáhùn, ó sì sún sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni pé àìtàn náà lè ràn án.

Bọ̀dá Gàníyù kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó yí ojú sí ògiri. "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé bátìrì yín kúrò lójú ọ̀nà. Kì í ṣe ẹjọ́ mi."

"Àwọn ọmọ ń bẹ nílé, Gàníyù. Wọn ò tíì mu omi gbígbóná láàárọ̀ yìí."

"Mo mọ̀. Ẹ gbé e kúrò."

Gbogbo wọn ló mọ ibi tí ọwọ́ dúdú, ọwọ́ tí ẹ̀gbà rẹ̀ ti kú, ń gbé èèyàn lọ. Ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn kì í ṣí fún un. Pátákó kankan kì í kí i. Kò sí ọ̀gá tó lè gbà á síṣẹ́, nítorí ẹni tí kò ní gbèdéke kò ní orúkọ lójú òfin. Àwọn bẹ́ẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn odi ìlú, lábẹ́ òpó iná ńlá, wọ́n jókòó bí ẹni tó ń retí ọkọ̀.

Bàbá Ìbejì gbé bátìrì rẹ̀. Bí ó ti ń kọjá lọ, ó wo Àyọ̀ká. Kò bẹ̀ ẹ́, kò sì bínú sí i. Ó kàn wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó mọ̀ pé òun kò purọ́.

*

Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Àyọ̀ká délé. Ìyá ìyá rẹ̀ ni, òun ló tọ́ ọ, òun ló sì kọ́ ọ nílé. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ jókòó síwájú ẹ̀rọ olùkọ́, abẹ́ igi àgbálùmọ̀ ni Àyọ̀ká ń jókòó sí láàárín àwọn arúgbó tó ń sọ ìrírí wọn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà á ní kó tún gbogbo rẹ̀ sọ. Bí ó bá fi gbólóhùn kan kún un, Ìyá Àgbà kì í nà án. Á kàn bi í pé, "Ta ló sọ ìyẹn?" Ìyẹn nìkan ti tó láti mú kí etí rẹ̀ gbóná.

Ibẹ̀ ló ti kọ́ okùn dídì. Gbólóhùn kan, kókó kan. Ìka ló máa ń rántí, ẹnu á wá tẹ̀ lé ìka. Nígbà tí ẹ̀rọ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ẹni tí kò sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, tí ilé ẹjọ́ kò gba ohùn inú ẹ̀rọ wọlé mọ́, ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú etí bẹ́ẹ̀ kiri. Ọ̀gá tó bá fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́, Olùgbọ́ gbọ́dọ̀ jókòó tì í, kó sì fi okùn di gbogbo ohun tó bá sọ fún ẹni náà. Àwọn Olùgbọ́ mẹ́rìnlá ló wà ní ìlú Òkè-Àṣá, Àyọ̀ká ló kéré jù nínú wọn.

"Kókó mélòó?" ni Ìyá Àgbà béèrè.

"Méje, mà."

"Méje pọ̀ fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́. O ti jẹun?"

"Rárá, mà."

"Ẹ̀kọ wà nínú abọ́ yẹn. Bó bá ti dì, fọ́ ọ."

Àyọ̀ká gbé abọ́, àmọ́ kò jẹun. Ẹ̀gbà ọwọ́ Ìyá Àgbà ló ń wò. Ó ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn, ó ń kú.

"Láti ìgbà wo ló ti ń ṣẹ́jú báyìí, mà?"

"Láti ìdájí. Ó ń ṣe bí ẹni tí oorun ń kùn. Bóyá òun náà ti darúgbó." Ìyá Àgbà fa ọwọ́ aṣọ bò ó. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi gbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn ìlú. Gbèdéke iṣẹ́ yẹn ló ń ṣí ilẹ̀kùn ibi tó ti ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́sẹ̀ méjì méjì. Oògùn tó wà nílé kò ju ti ọjọ́ mẹ́rin lọ, Àyọ̀ká ti kà á.

Ìyá Àgbà tún bu ẹ̀wà sínú àwo.

"Ṣé mo ti sọ ọ̀rọ̀ Sùpọ̀ Ọlábọ̀dé fún ọ?" ni Ìyá Àgbà béèrè.

"Ẹ ti sọ ọ́, mà."

"Tún un sọ fún mi."

Àyọ̀ká gbé abọ́ sílẹ̀. Nígbà tó bá ń tún ọ̀rọ̀ sọ, ìtìjú máa ń kúrò lára rẹ̀, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, á di ti ẹni tó ni ọ̀rọ̀. "'Ọjọ́ kan náà ni èmi àti Ọlábọ̀dé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nọ́ọ̀sì ni òun náà, àmọ́ ọkùnrin ni. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń yá owó lọ́wọ́ rẹ̀, tí mo ń rò pé ó mọ owó tọ́jú jù mí lọ ni. Ọjọ́ kan ni mo rí ìwé owó oṣù rẹ̀ lórí tábìlì, ìlọ́po méjì tèmi ni. Mo bi ọ̀gá wa pé kí ló fà á, ó ní ṣé mo béèrè nígbà tí mo ń wọlé? Àwa obìnrin mọ́kànlélógún la lọ jókòó síwájú ilé ìgbìmọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ohun tí a béèrè kò ju pé kí wọ́n kọ iye iṣẹ́ síta kí èèyàn tó wọlé. Lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí òfin náà, mo jó títí bàtà mi fi já.'"

"Ó pé," ni Ìyá Àgbà wí. Ó ju òkúta kékeré kan tó rí nínú ẹ̀wà síta. "Àmọ́ ó ku gbólóhùn kan tí n kò sọ fún ọ rí. A ò béèrè ẹ̀gbà. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹ̀gbà nínú wa. Ìgbà tí wọ́n gbé e dé, a rò pé ọ̀ṣọ́ ni."

Pátákó ara ògiri tàn. Gbogbo ilé ló ní ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó lè pa á. "Àyọ̀ká Adéṣígbìn," ni pátákó wí. "Ilé Ìgbangba ń retí rẹ. Àga Ẹ̀rí, ọ̀sán òní. Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun fẹ́ kọ́kọ́ rí ọ."

Ìyá Àgbà kò béèrè ohun tó wà nínú kókó méjèèje. Ó na abọ́ ẹ̀kọ náà sí i. "Má lọ pẹ̀lú inú òfìfo."

*

Gíláàsì ni wọ́n fi kọ́ gbogbo Ilé Ìgbangba, kí ará ìlú lè máa rí ohun tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń ṣe. Yàrá kan ṣoṣo ló ní kọ́tìnì. Yàrá Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun, olórí ibẹ̀, ni.

"Jókòó, ọmọ mi," ni ó wí. Kò tíì pé ọmọ àádọ́ta ọdún, ohùn rẹ̀ tutù. "Ìyá wa àgbà ńkọ́? Mo gbọ́ pé ẹ̀gbà wọn ń ṣẹ́jú."

Àyọ̀ká kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sí etí àga.

Lórí tábìlì, iṣu kan wà nínú ọ̀rá funfun, wọ́n fi nọ́ńbà kọ ọ́ lára. Iṣu kékeré ni, kò gùn ju apá ọmọdé lọ, erùpẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Láti ilé Bàbá Ìbejì ni wọ́n ti lọ mú un, kí àwọn ará ilé rẹ̀ tó sè é.

"Òfin ní nǹkan kan kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ ọ̀gá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń wá iṣẹ́ kí àdéhùn tó parí," ni Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun wí. Ó fi ìka kan iṣu náà. "Màmá wá fún un níṣu. Ìyá tèmi náà ì bá fún un. Àlejò tó ní ọmọ nílé, tí yóò ti ọ̀dọ̀ ẹ lọ lọ́wọ́ òfo? Kò sí obìnrin kan ní Òkè-Àṣá tó lè ṣe é. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn. Mú okùn rẹ wá."

Ó gbà á, ó ka àwọn kókó náà láàárín àtàǹpàkò àti ìka rẹ̀. "Méje. Kò lè dín, kò lè lé, ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ti ka okùn rẹ nígbà tí ò ń jáde. Ìyẹn ló ń yọ mí lẹ́nu. Tó bá jẹ́ pé Màmá kàn ka pátákó fún un ni, kókó kan ti tó. Tó bá fún un níṣu, ó di méjì. Márùn-ún tó kù ńkọ́?"

"Olùgbọ́ kì í sọ ọ́ kó tó dórí àga, sà."

"Èmi ni mo kọ òfin yẹn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Èmi ni màá sọ̀rọ̀, ìwọ máa gbọ́, iṣẹ́ rẹ kúkú ni. Màmá sọ fún ọkùnrin yẹn pé kò sẹ́ni tó ń gba òkè."

Àyọ̀ká kò mira. Ìka rẹ̀ nìkan ló di etí ìró rẹ̀ mú.

"O ṣeun," ni Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun wí. "O ò sọ nǹkan kan, mo sì ti gbọ́."

Ó dìde, ó fa kọ́tìnì díẹ̀. Ojú ọ̀nà ńlá wà nísàlẹ̀, pátákó sì wà lẹ́nu gbogbo ilẹ̀kùn, ilé búrẹ́dì, ilé aṣọ, ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Bí èèyàn bá ti ń kọjá, wọ́n á máa kí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìsàlẹ̀, òkè, ẹ káàbọ̀, ìsàlẹ̀, òkè, ẹ káàbọ̀.

"Wò ó. Èèyàn á jí láàárọ̀, á wo òkè, á ní bóyá lọ́dún tó ń bọ̀. Yóò mú irinṣẹ́ rẹ̀, yóò lọ. Àwọn ìlú tó yí wa ká náà ń wo pátákó wa, ó ń wọ̀ wọ́n lójú. Tí ẹnìkan bá wá là á mọ́lẹ̀ pé kò sí nǹkan lókè yẹn, ta ni yóò dìde? Má rò pé irọ́ là ń pa. Òfin ní ká kọ òkè síta. A kọ ọ́ síta. Òfin kò sọ pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀."

Ó padà wá, ó tẹ́ ìwé kan síwájú rẹ̀. Gbólóhùn méje ni wọ́n tẹ̀ sí i, tínínrín, wọ́n tò ó bí kókó ṣe ń tò. Àyọ̀ká kà á lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti mọ̀ ọ́n, nítorí etí rẹ̀ àti ojú rẹ̀ kì í ju nǹkan nù. *Bàbá Ìbejì, ẹ káàbọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù mi.* Èyí ni àkọ́kọ́. Ìkẹfà ni: *Màá fi ọ̀kẹ́ méjì lé iye ara pátákó, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.*

"Kò sọ báyìí, sà."

"Mo mọ̀. Ohun tí gbogbo ìlú ń sọ ni. Wọ́n ti gbà á gbọ́ kí o tó la ẹnu." Ó jókòó. "Wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ó ti dàgbà, kó lọ sinmi. Ẹ̀gbà Bàbá Ìbejì á tàn lọ́la, torí a máa ní wọ́n tàn án jẹ ni. Ti Ìyá Àgbà á dẹ́kun ìṣẹ́jú kó o tó délé. Ìwọ náà, màá gbé ọ wá sí ọ́fíìsì níbí. Ọ̀kẹ́ mẹ́jọ."

"Òkè, sà?"

"Òkè gan-an."

Àyọ̀ká wo ìwé náà. Ìyẹn ni pé òun ni yóò jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ ní gbogbo Òkè-Àṣá tí yóò dé ibẹ̀.

"Àga ńkọ́, sà? Àga máa ń mọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ Olùgbọ́ bá sáré nítorí irọ́."

"Àga á mọ ohun tí a bá ní kó mọ̀."

Àyọ̀ká gbé ojú sókè kúrò lára ìwé náà. Kò tíì sọ gbólóhùn tó gùn tó bẹ́ẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba rí. "Bí àga bá lè ṣe ohun tí ẹ bá ní kó ṣe, kí lẹ wá ń fi mí ṣe, sà?"

Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun na okùn rẹ̀ sí i padà. "Àwọn èèyàn ò gba ẹ̀rọ gbọ́ mọ́, ọmọ mi. Ìwọ ni wọ́n gbà gbọ́."

*

Àgbàlá Ilé Ìgbangba kún dẹ́nu. Eruku ọyẹ́ bo oòrùn lójú, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí epo àná. Àga Ẹ̀rí wà láàárín, irin ni, àmọ́ ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn nígbà tó bá ń gbọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ lórí rẹ̀, gbogbo pátákó ìlú ló máa ń gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí òfin ṣe wí nìyẹn, kó má bàa sí ìkọ̀kọ̀.

Màmá Ṣíjúadé dúró lápá ọ̀tún. Obìnrin tó sanra ni, iná tí wọ́n fi ń jó wáyà ti fi àpá sí gbogbo ìka rẹ̀, torí sólà ló ń tún ṣe láti ìgbà tó ti wà ní omidan. Bàbá Ìbejì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ki ọwọ́ òsì bọ àpò. Ìyá Àgbà náà ti dé. Ó gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá láti ilé, ó sì jókòó níwájú pátápátá, ìborùn bo ọwọ́ rẹ̀.

Bí Àyọ̀ká ṣe ń kọjá, Màmá Ṣíjúadé wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Gèlè rẹ ti yẹ̀ lápá òsì," ni ó wí, jẹ́jẹ́.

"Ẹ ṣeun, mà."

Ó tún un dì. Ó jókòó. Àga náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun ka ẹ̀sùn. Ó fi iṣu náà han gbogbo èèyàn, ó gbé e sókè nínú ọ̀rá rẹ̀, àwọn kan sì kẹ́dùn bí ẹni rí òkú. "Kókó méje ló wà lórí okùn Olùgbọ́," ni ó wí. "Kí ó sọ ohun tí agbanisíṣẹ́ sọ. Kó má yọ, kó má fi kún un, kó má túmọ̀ rẹ̀."

Àyọ̀ká fi ìka kan kókó àkọ́kọ́. "Bàbá Ìbejì," ni ó wí.

Ó dúró.

Bí ìwé Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí Màmá Ṣíjúadé ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Orúkọ kan ṣoṣo ti jáde, kò tíì ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ó rí ìborùn Ìyá Àgbà, ó rí ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣẹ́jú lábẹ́ aṣọ náà, ó rántí oògùn ọjọ́ mẹ́rin. *Ẹ káàbọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù mi* ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó kàn ku kó jẹ́ kó jáde ni.

Ìyá Àgbà tẹ̀ síwájú díẹ̀ lórí àpótí, ó gbé etí rẹ̀ tó dára síta, bó ṣe máa ń ṣe lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ nígbà tó bá ń retí kí ọmọ tún ọ̀rọ̀ sọ.

*Ta ló sọ ìyẹn?*

"'Bàbá Ìbejì, ẹ jókòó dáadáa, ẹ má fi ìdí kan jókòó níwájú mi bí ẹni tó jẹ mí ní gbèsè,'" ni Àyọ̀ká wí.

Ẹ̀rín bú jáde lágbàlá. Gbogbo èèyàn mọ ẹnu Màmá Ṣíjúadé. Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó lè jókòó kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun kò rẹ́rìn-ín.

Kókó kejì. "'Pátákó ẹnu ọ̀nà mi ní ọ̀kẹ́ mẹ́rin ni ìsàlẹ̀, ọ̀kẹ́ mẹ́wàá sì ni òkè.'"

Ìkẹta. "'Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gba èèyàn síṣẹ́, mi ò san ọ̀kẹ́ mẹ́wàá fún ẹnikẹ́ni rí.'"

Ẹ̀rín ti tán. Ohùn rẹ̀ ń padà wá bá a láti ojú ọ̀nà, láti ara pátákó ilé búrẹ́dì, láti ara ti ilé aṣọ.

Ìkẹrin. "'Ilé Ìgbangba ló ń kọ òkè náà ránṣẹ́ sí mi, tí mo bá sì san ju ọ̀kẹ́ márùn-ún lọ, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù mi.'"

Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun gbé ọwọ́ sókè, kò ju bí ẹni tó fẹ́ lé eṣinṣin lọ. Àga náà tutù lábẹ́ Àyọ̀ká. Àwọn pátákó ojú ọ̀nà dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ẹnìkan ń rìn kọjá tó ń pa fìtílà. Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbà ọwọ́ òsì rẹ̀ kú. Kò dùn ún. Ó kàn tutù ni, bí omi.

Kò yíjú wo ọwọ́ Ìyá Àgbà. Ìka rẹ̀ ti wà lórí ìkarùn-ún.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó kígbe sọ̀rọ̀. "'Gbogbo pátákó ìgboro yìí, bákan náà ni, mo ti bi àwọn tó ni wọ́n.'"

"Kí ló wí?" ni ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn níbi tí ohùn kò dé.

Bọ̀dá Gàníyù ló dá a lóhùn. Ó yí padà, ó sì tún gbólóhùn náà sọ bó ṣe gbọ́ ọ, láì fi àwàdà kankan sí i. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbà á, wọ́n tún un sọ fún àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Àyọ̀ká dúró dè wọ́n. Ó gbọ́ ọ bó ṣe ń lọ, odindi, títí ó fi jáde sí títì.

"Ẹ mú un kúrò lórí àga," ni Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun wí fún àwọn ẹ̀ṣọ́. Ohùn rẹ̀ ṣì tutù.

Wọ́n dì í mú ní apá méjèèjì, wọ́n gbé e dìde. Ọwọ́ tó mú okùn ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. "'Ẹ má fi iṣẹ́ tí ẹ ní lọ́wọ́ sílẹ̀ wá síbí nítorí òkè tí kò sí,'" ni ó wí, wọ́n sì tún ìyẹn náà sọ sẹ́yìn, láti ẹnu dé ẹnu.

Wọ́n ti ń wọ́ ọ lọ sínú ilé gíláàsì nígbà tí ìka rẹ̀ dé orí kókó ìkẹyìn. Ó yí orí padà, ó sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ ti há, kò ré kọjá àwọn obìnrin díẹ̀ tó dúró lápá ibẹ̀, ilẹ̀kùn sì ti pa dé lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí ló sọ?" ni wọ́n ń béèrè láti gbogbo àgbàlá. "Ìkeje ńkọ́? Ta ló gbọ́ ọ?"

Ìyá Múfú ló dúró sún mọ́ ọn jù. Ó wo ilẹ̀kùn gíláàsì náà, ó wo ẹ̀gbà ọwọ́ ara rẹ̀ tó ṣì ń tàn bí ewé. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí àwọn èèyàn, ó sì sọ ọ́ tán láì gé e kù:

"Ó ní, 'Ẹ mú iṣu yìí lọ sè fún àwọn ọmọ, ẹ ò lè ti ilé mi lọ lọ́wọ́ òfo.'"